Ẹ Má Da Ọ́ìlì Bíréèkì Lásán sí Silver Shadow

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà nínú gáréèjì àwọn ilé ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù. Ó dùn mọ́ mi pé ìwé ìròyìn Yorùbá náání irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó dúró láìtún un ṣe. Ẹ ní kí ẹni tó bá jogún Rolls-Royce ra bátìrì tuntun, kí ó da ọ́ìlì bíréèkì sí i, kí ó sì sítáàtì rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn bá Peugeot 504 mu. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ Silver Shadow, ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ bà á jẹ́, owó àtiṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Orúkọ Rolls-Royce nìkan kò tó láti fi mọ ọkọ̀ tí à ń wí. Silver Shadow jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n sì ń ṣe é ní ìlú Crewe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1980. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 20,000. Rolls-Royce kò tíì ṣe irú ọkọ̀ kan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó dìgbà náà. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ wọn tí wọn kò gbé bọ́dì rẹ̀ ka orí ṣásí ọ̀tọ̀: bọ́dì náà ló ń ru ara rẹ̀. Ó gùn ju mítà 5 lọ, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8 alumíníọ̀mù, 6,230 cc, títí di ọdún 1970 tí wọ́n fi kún ìrìn písítìnnì tí ó sì di 6,750 cc. Kabúrétọ̀ SU méjì ló ń fún un lépo. Ilé-iṣẹ́ náà kì í sọ iye agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún oníbàárà nígbà náà, nítorí náà ẹni tó bá ń pe iye kan fún yín pé inú ìwé Rolls-Royce ìgbà yẹn ni òun ti rí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Jíà ọtomátíìkì ni gbogbo wọn ní. Láti ọdún 1968, GM400 onípele 3 láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi sí gbogbo wọn, jíà kan náà tí Cadillac lò, nítorí náà pààtì rẹ̀ kò wọ́n bí ènìyàn ṣe rò. Ibi tí ó ti máa ń yọnu ni ọwọ́ jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitíárìn: iná mànàmáná ló ń gbé àṣẹ rẹ̀ lọ bá jíà nísàlẹ̀, kì í ṣe irin. Bí ẹ bá fa ọwọ́ jíà tí ọkọ̀ kò kúrò ní P, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú jíà sílẹ̀. Ẹ pe rewáyà, kí ó kọ́kọ́ wo fíúsì, lẹ́yìn náà kí ó wo mọ́tò kékeré tó ń yí jíà náà.

Silver Shadow II bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nípa rọ́bà dúdú tó wà lójú bọ́ńpà rẹ̀, sitíárìn rẹ̀ náà sì ti di èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rack. Bentley T ni ìbejì Silver Shadow. Ojú rèdíétọ̀ àti àmì orí rẹ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa bíréèkì yìí kan Bentley T náà.

Nínú ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ti ọ́ìlì lọ sí ìdí táyà. Silver Shadow kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù méjì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì, káàmù ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń lù wọ́n. Wọ́n ń ti ọ́ìlì sínú irin roboto méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà kan ló dá inú irin kọ̀ọ̀kan sí méjì: gáàsì náítírójìn wà lápá kan, ọ́ìlì wà lápá kejì. Gáàsì yìí ló ń há agbára mọ́ ibẹ̀, agbára náà sì ń dé 2,500 psi. Fọkanáísà kì í sábà fún táyà ọkọ̀ kékeré ju 35 psi lọ, ẹ fi wé e. Ọwọ́ Citroën ni Rolls-Royce ti gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n yìí. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, fáàfù ló ṣí, agbára tó ti wà nílẹ̀ ló sì di táyà mú. Ọ́ìlì kan náà ló ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un ń jẹ́ RR363. Ó jọ ọ́ìlì bíréèkì, àmọ́ òróró lárà wà nínú rẹ̀ tí ó ń mú kí pọ́ńpù àti àwọn fáàfù máa yọ̀. Ọ́ìlì DOT 3 tàbí DOT 4 lásán kò ní in. Bí ẹ bá dà á sí i, kò ní hàn lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ á dúró dáadáa, ẹ ó sì rò pé ẹ ti jèrè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí han, pọ́ńpù á máa lọ ara rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí irin ń ha irin, fáàfù tó ń gbé ẹ̀yìn sókè á sì há. Èyí tó burú jù ni ọ́ìlì aláwọ̀ ewé ti Citroën, tàbí ọ́ìlì pupa ti jíà àti páwà sitíárìn. Wọ́n á mú kí gbogbo rọ́bà inú ètò náà wú, kí wọ́n sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Bí èèyàn bá ti ṣi ọ̀kan nínú wọn dà sínú Silver Shadow, ẹ má sítáàtì rẹ̀ rárá. Bí ọ́ìlì náà kò bá tíì kúrò nínú táńkì rẹ̀, ẹ fà á jáde, kí ẹ sì fi RR363 fọ táńkì náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo rọ́bà láti pọ́ńpù dé ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ ó pààrọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: Silver Spirit, tó gba ipò Silver Shadow ní ọdún 1980, kì í lo RR363. Ọ́ìlì míràn ni tirẹ̀, ti inú ilẹ̀, tí kì í bá rọ́bà Silver Shadow lò pọ̀. Ẹni tó bá ti tún Silver Spirit ṣe rí lè ṣèèṣì da èyí tó mọ̀ sínú ọkọ̀ bàbá yín, kí ó sì bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó ka orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ kí ó tó ṣí ìdérí kankan.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ti dúdú bí tíì, písítìnnì inú kálípà, ìyẹn irin tó ń di bíréèkì mú nídìí táyà, sì ti dípẹtà. Táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ní kálípà méjì, nítorí náà kálípà mẹ́rin ló wà níwájú nìkan. Ẹ tú wọn, ẹ wo písítìnnì kọ̀ọ̀kan lójú. Èyí tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò sí lára kò ṣe é lo mọ́, bí a tilẹ̀ fi sáńpépà dán an.

Àwọn irin roboto yẹn ṣe é yẹ̀ wò láìtú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí iná ìkìlọ̀ bíréèkì méjèèjì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́ padà kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù wà, lẹ́yìn náà ẹ máa tẹ bíréèkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kà. Bí iná kan bá tàn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 10, gáàsì ti tán nínú irin kan, ó tó gẹ́ẹ́ láti fi tún un kún. Náítírójìn ni kí wọ́n fi kún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kí ó fi ọ́síjìn rẹ̀ kún un. Bí ọ́síjìn àti ọ́ìlì bá pàdé lábẹ́ agbára bẹ́ẹ̀, bíbú ni yóò bú, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò sì ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bákan náà, kí mẹkáníìkì má tú páìpù kankan kí ó tó tẹ bíréèkì títí agbára fi tán pátápátá, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ dáadáa lẹ́yìn ìgbà tí iná kọ́kọ́ tàn. Ọ́ìlì tó ń tú jáde ní 2,500 psi lè gún awọ ara wọlé.

Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè agbára bíréèkì, kí ẹnikẹ́ni má fi okùn fa Silver Shadow tí kò ṣiṣẹ́ jáde ní títì. Bí wọ́n bá fà á gba òpópónà Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, tí ọkọ̀ iwájú sì dúró lójijì, ẹrù tọ́ọ̀nù méjì ni yóò gbá a láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sì ní rí nǹkan gidi tẹ̀. Ọkọ̀ agbẹ́kọ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ pè. Fún àwọn tó fẹ́ gbé e jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí ẹsẹ̀ kò gbèrò, ẹṣin wà níwájú, ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tí iná bíréèkì rẹ̀ kan bá ń tàn tó ń kú kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ì báà ti wù kí ó dán tó.

Ọ̀rọ̀ omi ló tún kàn. Inú alumíníọ̀mù ẹ́ńjìnnì yìí ni wọ́n ki sìlíńdà irin mẹ́jọ bọ̀, omi rèdíétọ̀ sì ń kan sìlíńdà náà ní tààrà. Omi kànga tàbí ti bọ́hòòlù nìkan á jẹ alumíníọ̀mù, ẹrẹ̀ á wá jókòó sí ìdí sìlíńdà, rọ́bà tó wà níbẹ̀ á sì jẹrà. Wọ́n dá ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ kí èèyàn lè rí i bí omi bá ti ń gba ibẹ̀ jò. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ tan iná sí àwọn ihò náà. Bí ibẹ̀ bá tutù tàbí tí àmì funfun ti gbẹ mọ́ ọn, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá ń bọ̀. Kúláǹtì gidi tí ó bá alumíníọ̀mù mu, ìlàjì pẹ̀lú omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò (distilled water), ni ó yẹ ẹ́.

Kí ẹ tó sítáàtì èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí tíì kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ni kí ẹ fi yí ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe sítátà. Ẹ fa gbogbo epo àtijọ́ kúrò nínú táńkì, kí ẹ tú kabúrétọ̀ méjèèjì fọ̀. Ọ́ìlì 20W-50 dára fún ẹ́ńjìnnì yìí nínú ooru tiwa. Ẹ fi sítátà yí i láìtíì dá púlọ́ọ̀gì padà títí iná ọ́ìlì á fi kú. Ẹ wo àwọn wáyà náà kí ẹ tó so bátìrì, nítorí eku fẹ́ràn gáréèjì tí a kì í ṣí.

Ìpẹtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan nínú ọkọ̀ yìí, nítorí bọ́dì náà ni eegun rẹ̀. Ẹ mú òòfà kékeré kan lọ́wọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdérí búùtù àti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ alumíníọ̀mù, òòfà kò ní mú wọn, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mú gbogbo apá yòókù. Ẹ fi lé etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wọ̀, ẹ fi lé irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fi lé ìsàlẹ̀ apá iwájú lẹ́yìn táyà. Ibi tí ó bá ti já bọ́, pọ́tì ni wọ́n fi dí i, bí ó ti wù kí ọ̀dà orí rẹ̀ máa kọ mànà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí búùtù kí ẹ wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ sì wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wo ibi tí sípíríìn ẹ̀yìn fi orí tì. Bí ibẹ̀ bá ti jẹ, panẹlibítà lásán kò tó o ṣe. Irin tuntun ni kí wọ́n gé sí i, kí wọ́n sì jó o pọ̀ dáadáa.

Ní ti ìtàn ọkọ̀, ibẹ̀ ni owó rẹ̀ wà jù, òun sì ni àwọn ẹbí fi máa ń ṣeré jù. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka nọ́ńbà ṣásí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló máa ń ṣáájú. Nínú èyí àkọ́kọ́, S ni ti gígùn tó wọ́pọ̀, L ni èyí tí wọ́n fi ínṣì 4 kún fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn, C ni onílẹ̀kùn méjì, D ni èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká. Lẹ́tà kejì jẹ́ R fún Rolls-Royce tàbí B fún Bentley. Ẹ̀kẹta ló sọ ibi tí sitíárìn wà nígbà tó kúrò ní Crewe: H ni ọ̀tún, X ni òsì. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1972 ní lẹ́tà míràn níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti A. Láti 1001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka nọ́ńbà Silver Shadow. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 30001 lọ, Silver Shadow II ni.

Lẹ́tà kẹta yẹn ṣe pàtàkì fún wa ní Nàìjíríà, nítorí apá òsì títì ni à ń gbà wakọ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọkọ̀ tí bàbá bá rà wọlé kó tó dìgbà náà, H ni yóò sábà jẹ́, sitíárìn rẹ̀ á sì wà lọ́tùn-ún. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Bí nọ́ńbà bá sọ pé H tí sitíárìn wá wà lósì, ẹnìkan ti gé e, ó sì ti gbé páìpù ọ́ìlì, ọwọ́ jíà oníná àti ẹsẹ̀ bíréèkì kúrò níbi tí Crewe fi wọ́n sí. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é àti bí ó ṣe ṣe é. Bí sitíárìn rẹ̀ bá ṣì wà lọ́tùn-ún, ẹ má yí i. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn VIO ohun tí òfin wí nípa gbígbé e jáde sí títì.

Ìwé ayédèrú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, nítorí ẹni tó fẹ́ tà á máa ń fẹ́ kí ó jẹ́ ti ènìyàn pàtàkì kan. Ọjọ́ ni kí ẹ fi mú un. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Láti 1967 dé ìgbà náà, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wà, kó tó dìgbà náà, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ìwé ọkọ̀ tí ó ní «Ìpínlẹ̀ Ògùn» lórí, tí wọ́n kọ 1969 sí, irọ́ ni. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973. Rìsíìtì ọdún 1971 tó ń ka náírà, irọ́ ni. Rolls-Royce Limited ni orúkọ tó wà lórí ìwé ilé-iṣẹ́ náà títí ó fi dojú dé ní oṣù kejì ọdún 1971. Rolls-Royce Motors wá lẹ́yìn náà, nítorí náà kò lè wà lórí ìwé ọdún 1968.

Ohun tó ń fi òpin sí àríyànjiyàn ni àkọsílẹ̀ Crewe fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Rolls-Royce, ìyẹn Rolls-Royce Enthusiasts' Club, tó wà ní Hunt House ní Paulerspury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí wọn, ẹ san owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san, wọ́n á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ óò rí ọ̀dà àti awọ àga tí ó bá jáde, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé lọ́wọ́. Nígbà náà ni ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni ti àbínibí.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí dùn mí púpọ̀. Àwọn kan máa ń yọ V8 yẹn, wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì Toyota rọ́pò rẹ̀ kí ó má bàa jẹ epo. Pọ́ńpù bíréèkì bá ẹ́ńjìnnì náà lọ, nítorí lórí rẹ̀ ni ó wà. Wọ́n á wá fi bíréèkì ọkọ̀ míràn há a lẹ́sẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ bọ́dì tó ní ojú Rolls-Royce, kò sí olùrà tó mọṣẹ́ tí yóò fún un ní owó Silver Shadow. Ó sì yẹ kí n sọ èyí tó le láti gbọ́: Silver Shadow ni ó rọrùn jù láti rà nínú Rolls-Royce àtijọ́, nítorí pé ó pọ̀. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju iye tí wọ́n máa rà á lọ. Kí ẹbí ṣírò ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó yá owó nítorí rẹ̀.

Fún ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ti kú, bóyá ìdí-igi ni ẹ fẹ́ fi pín ogún tàbí orí-ò-jorí, ọkọ̀ kan kò ṣe é gé sí mẹ́rin. Kí ẹbí kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé-ẹjọ́, kí orúkọ ẹni tí ìwé náà yàn wà nínú ìwé títà, kí gbogbo ọmọ sì fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ṣásí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ àtijọ́, rìsíìtì ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á, àti ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan gbé ìwé àtilẹ̀bá lọ; ẹ̀dà ni kí ẹ fún un. Ère obìnrin orí rèdíétọ̀ náà, bí ó bá ṣì wà, ẹ tú u kúrò kí ẹ tì í mọ́ inú ilé títí iṣẹ́ fi parí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe,
Ìjẹ̀bú-Òde.